Omi 860 wọlé, 560 ló jáde: ṣé kọ́lọ́ọ̀mù ń jò ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ni mí, Zaria ni mò ń gbé. Kọ́lọ́ọ̀mù gíláàsì kan wà ní láàbù wa, ìyẹn ọ̀pá gogoro tí omi ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Ìbú inú rẹ̀ jẹ́ 80 mìlímítà, òrùka Raschig onígíláàsì (bíi páìpù kúkúrú tó ṣófo nínú) tó tó 10 mìlímítà ni wọ́n kó kún inú rẹ̀, wọ́n sì kó o ga tó mítà 1.4. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tan án lẹ́yìn ìsinmi, ó ti gbẹ táútáú. A fi pọ́ǹpù gbé omi lọ sókè, lítà 3 ní ìṣẹ́jú kan, a ò tíì ṣí afẹ́fẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, omi inú táǹkì ìsàlẹ̀ ti fi 860 mílílítà dín. A pa pọ́ǹpù, a dúró kí omi jò tán, 560 mílílítà péré ló padà. Ọ̀gá tó ń mójú tó wa ní kọ́lọ́ọ̀mù ń jò, pé ká tú oríkèé rẹ̀ wò. Mo fi tíṣù nu gbogbo oríkèé yẹn, ó gbẹ. Níbo ni 300 tó kù wọlé sí? Àti pé nígbà tí a wá ṣí afẹ́fẹ́ dáadáa, kí ló dé tí omi táǹkì tún ń dín sí i, tí omi sì fò jáde lókè níkẹyìn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ má tíì tú nǹkan kan o. Gíláàsì ni, bí ó bá fọ́, ó di ẹjọ́.

Ó dà bíi pé kọ́lọ́ọ̀mù yín kò jò rárá, pé àárín òrùka yẹn ni 300 mílílítà náà ṣì wà, níwájú ojú yín lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n "ó dà bíi" kì í ṣe ẹ̀rí, ọ̀gá yín ò sì ní gbà á bí o bá kàn fi ẹnu sọ ọ́. Torí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ẹ̀rí ná, ká tó sọ ìdí tí omi fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí náà ò gba owó, kò sì gba irinṣẹ́ tuntun. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí òrùka gbẹ kí ẹ tó tún un ṣe. Bí omi àkọ́kọ́ bá ti jò tán, ẹ sàmì tuntun sára táǹkì, ẹ tan pọ́ǹpù ní lítà 3 kan náà, ẹ dúró kó rọlẹ̀, ẹ wo iye tó dín. Ẹ pa á, ẹ wo iye tó padà. Bí kọ́lọ́ọ̀mù bá ń jò, ẹ̀ẹ̀kejì á pàdánù omi bíi ti àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kẹta náà á pàdánù, torí ihò kì í yó. Bó bá jẹ́ àárín òrùka ni omi sá sí, àyè yẹn ti kún láti ìgbà àkọ́kọ́: nǹkan bí 560 á lọ, nǹkan bí 560 á sì padà. Kò sí ohun tí ọ̀gá kankan lè bá irú èsì bẹ́ẹ̀ jà lé lórí.

Nǹkan méjì ló lè da èsì yìí rú, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ wọ́n kí ẹlòmíì tó fi wọ́n mú ẹ.

Ọ̀kan ni páìpù tó ń gbé omi lọ sókè. O ò sọ fún mi bóyá ó ti kún kí ẹ tó sàmì sí táǹkì. Páìpù tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 15 mìlímítà, tó gùn tó mítà 2, ń gba omi tó nǹkan bí 350 mílílítà. Wo iye yẹn dáadáa: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tó sọnù lọ́wọ́ yín dọ́gba! Bí fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn bá wà lẹ́nu pọ́ǹpù, omi inú páìpù ò ní sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá pa á. Ẹ̀ẹ̀kejì ò sì ní tú àṣírí rẹ̀, torí páìpù náà ti kún, òun náà ti yó. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kejì lè dá kọ́lọ́ọ̀mù láre lórí ọ̀rọ̀ jíjò, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín bóyá òrùka ló mu omi tàbí páìpù. Ẹ fi afẹ́fẹ́ gbẹ kọ́lọ́ọ̀mù náà pátápátá. Lásìkò ọyẹ́, bí ẹ bá fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ tan pọ́ǹpù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ẹ fi máa rí ẹ̀kán omi àkọ́kọ́ lẹ́nu ohun tó ń fọ́n omi lókè, ẹ ti fáàfù pa lójú ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ sàmì sí táǹkì. Iye tó bá sọnù lẹ́yìn ìyẹn, ti òrùka ni, kì í ṣe ti páìpù.

Ìkejì ni ọyẹ́ fúnra rẹ̀. Lóṣù kìíní ní Zaria, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ètè ń la. Bí ẹ bá ń fẹ́ irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ gba orí òrùka tútù kọjá, ó ń gbé omi lọ. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fún afẹ́fẹ́ 100 lítà ní ìṣẹ́jú kan, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ: ó lè kó omi 40 sí 80 mílílítà láàárín wákàtí kan, bí omi náà bá ṣe lọ́wọ́ọ́rọ́ tó ló máa sọ èyí tó máa jẹ́. Ẹ̀yin ò tíì ṣí afẹ́fẹ́ nígbà tí 300 yẹn sọnù, nítorí náà kì í ṣe ọyẹ́ ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fi odindi ọ̀sán ṣe ìdánwò pẹ̀lú afẹ́fẹ́, tí ẹ wá rí i pé táǹkì ń dín díẹ̀díẹ̀ láìdúró, ẹ má tún lọ fẹ̀sùn kan oríkèé.

Ó yá, ká wá sórí ohun tí omi ń ṣe nínú ibẹ̀.

Omi inú kọ́lọ́ọ̀mù tó ń ṣiṣẹ́ pín sí ọ̀nà méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Apá kan ń rìn: ó tẹ́ lọ pẹlẹbẹ sára òrùka, ó ń ṣàn láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, bí ẹ bá sì pa pọ́ǹpù, á sọ̀ kalẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Apá kejì ò lọ síbì kankan. Ó há sí ibi tí òrùka méjì ti fara kanra, ó há sínú òrùka tó dùbúlẹ̀, ó rọ̀ mọ́ etí ìsàlẹ̀ òrùka tó dúró. Ilẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tó ń kó ojú omi jọ dì í mú. Ẹni tó bá ti ṣan ìrẹsì rí, tó dà á sínú ajere, mọ ohun tí mò ń sọ: omi á ro tán, ṣùgbọ́n bí o bá ki ọwọ́ bọ ìrẹsì náà, wàá rí i pé omi ṣì wà láàárín hóró rẹ̀. Àpapọ̀ apá méjèèjì ni àwọn ẹlẹ́rọ ń pè ní holdup, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ bí ìdá nínú gbogbo àyè tí òrùka gbà. Lọ́dún 1955 ni Shulman àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde tó ya apá méjèèjì sọ́tọ̀ fún oríṣiríṣi òrùka, títí dòní ni wọ́n sì ń lo ìpín yẹn.

Kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú tiyín? Òrùka yín kéré ni. Omi lásán ní ìwọ̀n kan tirẹ̀, tó tó mìlímítà 2.7: bí àlàfo bá kéré sí ìyẹn, agbára ojú omi ló ń borí, bó bá tóbi jù ú lọ dáadáa, agbára ilẹ̀ ló ń borí. Láàárín òrùka oní-10 mìlímítà, irú àlàfo kéékèèké bẹ́ẹ̀ kún ibẹ̀ bámúbámú, torí òrùka tó wà nínú lítà kan pọ̀, ibi tí wọ́n ti ń fara kanra náà sì pọ̀. Nínú òrùka Raschig oní-25 mìlímítà, omi tó máa há sábà máa ń wà láàárín ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí òrùka bá tún tóbi sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ìdí nìyí tí kọ́lọ́ọ̀mù kékeré inú láàbù fi máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, tí ti ilé iṣẹ́ kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún dúpẹ́ pé gíláàsì dídán ni ẹ ní. Kí Fritz Raschig tó gbé òrùka rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Jámánì níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, èédú koke àti òkúta fífọ́ ni wọ́n ń kó sínú ilé gogoro tí wọ́n fi ń ṣe ásíìdì; koke sì ní ihò wínníwínní lára tó ń mu omi ju àárín òrùka lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé iye yín lé orí ìwọ̀n. Ìbú 80 mìlímítà àti gíga mítà 1.4 jẹ́ nǹkan bí lítà 7.04, gíláàsì àti òfìfo lápapọ̀. Omi 860 mílílítà jẹ́ ìdá 12.2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Èyí tó padà, 560, jẹ́ nǹkan bí ìdá 8. Èyí tó há, 300, jẹ́ ìdá 4.3. Ìdá 4.3 yẹn bá irú òrùka kékeré bẹ́ẹ̀ mu. Kò yà mí lẹ́nu rárá.

Ní ti ìdá 8 tó ń rìn, a lè yẹ̀ ẹ́ wò láìfi ọwọ́ kan kọ́lọ́ọ̀mù. Ká ní ara òrùka jẹ́ ògiri tó dúró ṣánṣán, tí omi tẹ́ lọ sára rẹ̀ tó ń ṣàn wálẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí kíki omi ṣe ń fà á sẹ́yìn, bí ilẹ̀ ṣe ń fà á sísàlẹ̀, méjèèjì ló ń pinnu bó ṣe máa nípọn tó. Ìṣirò rẹ̀ ni h = (3μua²/ρg)^(1/3). Nínú rẹ̀, h ni ìdá àyè òrùka tí omi tó ń rìn gbà, μ ni bí omi ṣe ki tó, u ni iye omi tó ń wọlé tí a fi àyè ìbú kọ́lọ́ọ̀mù pín, a ni ojú òrùka tó wà nínú kúbíìkì mítà kan, ρ ni ìwúwo omi, g sì ni òòfà ilẹ̀. Lítà 3 ní ìṣẹ́jú kan nínú kọ́lọ́ọ̀mù yín fún wa ní u tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 0.01 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún òrùka Raschig oní-10 mìlímítà, a jẹ́ nǹkan bí 440. Bí omi bá wà ní ìwọ̀n 20 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, μ jẹ́ 0.001. Èsì rẹ̀ jẹ́ 0.084, ìyẹn nǹkan bí 590 mílílítà. Táǹkì yín sọ pé 560.

Má jẹ́ kí èyí mú orí ẹ wú jù. Ara òrùka kì í ṣe ògiri tó dúró ṣánṣán, kì í sì í ṣe gbogbo ojú rẹ̀ ni omi ń dé, àṣìṣe méjèèjì kàn ń pa ara wọn rẹ́ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé 560 yín wà níbi tó yẹ kó wà, àti pé omi tó nípọn tó ìdá márùn-ún mìlímítà kan péré lára òrùka tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Bí ó bá wù yín, ẹ yí omi padà láti lítà 1 dé 5, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà log-log. Ìṣirò òkè yìí ní kí ìlà yẹn gẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí tiyín bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó súnmọ́ 0.6, ẹ má pa á dà kó lè bá ìwé mu. Omi tó ń já láti òrùka dé òrùka kì í ṣàn jẹ́ẹ́ bí ìṣirò ṣe rò, ọ̀pọ̀ ìwọ̀n tí wọ́n ti ṣe sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìṣirò yẹn tí àwa tí a wà lápá Àríwá gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn, ìyẹn μ. Omi tí ẹ fà láti táǹkì orí òrùlé láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ lè wà ní ìwọ̀n 15. Omi kan náà ní ọ̀sán oṣù kẹrin lè wà ní 30. Kíki rẹ̀ á ti kúrò ní 0.00114 bọ́ sí 0.0008. Gbòǹgbò kẹta ìyàtọ̀ yẹn tó ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé bí ẹgbẹ́ kan bá rí 560 lásìkò ọyẹ́, ẹgbẹ́ mìíràn á rí nǹkan bí 500 nígbà ooru, lórí kọ́lọ́ọ̀mù kan náà, láìsí ẹni tó ṣe àṣìṣe. Mo ti rí àbọ̀ ìdánwò ọmọ ilé ìwé púpọ̀ tí wọ́n kọ gbogbo nǹkan sí àfi ìwọ̀n ooru omi. Ẹ fi tẹmómítà sínú táǹkì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Omi tó há ní tirẹ̀ kò bìkítà fún kíki; agbára ojú omi ló ń dì í mú, ìyẹn kì í sì í yí padà púpọ̀ láàárín 15 sí 30.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ láàbù lásán ni gbogbo èyí. Ilé iṣẹ́ kan wà lápá Kaduna tí mo lọ bá ṣiṣẹ́ nígbà kan, wọ́n ní kọ́lọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń fọ èéfín ásíìdì kó tó jáde síta. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, táǹkì ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kún àkúnwọ́sílẹ̀, omi ásíìdì á sì gba gbogbo ilẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù rẹ̀ láìmọye ìgbà, èyí tó ní bọ́ọ̀lù tó ń léfòó, tó ń ṣí omi tuntun bí omi táǹkì bá lọ sílẹ̀. Fáàfù ò ní ẹ̀bi kankan, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ń ṣe. Ẹ wò ó: kọ́lọ́ọ̀mù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, tí òrùka inú rẹ̀ ga tó mítà 8, ní àyè tó ju kúbíìkì mítà 14 lọ. Bí omi tó ń rìn nínú rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún, lítà 700 ló wà lókè nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan án, lítà 700 yẹn gòkè, omi táǹkì lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù fáàfù bá a lọ sílẹ̀, ó sì ṣí omi tuntun sí i títí ó fi padà sójú àmì. Nígbà tí NEPA mú iná lọ, pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kú lẹ́ẹ̀kan náà, lítà 700 bọ́ sínú táǹkì tó ti kún dé ojú àmì. Níbo ló fẹ́ wọlé sí? Ohun tí wọ́n nílò ni kí wọ́n rẹ bọ́ọ̀lù fáàfù náà sílẹ̀, kí àyè tí kọ́lọ́ọ̀mù lè da omi rẹ̀ sí máa wà lókè omi táǹkì nígbà gbogbo. Kò ju ìyẹn lọ. Níbi tí iná ti ń lọ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, iye omi tó ń rìn yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀ kí a tó ra táǹkì, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún wa kì í sọ ọ́.

Ó kù ìbéèrè rẹ kejì, ti afẹ́fẹ́.

Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ lè máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, manometer (irinṣẹ́ tó ń wọn ìfúnpá) á máa gòkè níwọ̀n bí iyára afẹ́fẹ́ ṣe ń di ìlọ́po ara rẹ̀, ṣùgbọ́n omi táǹkì á dúró síbi tó wà. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ títí dé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iyára tó máa da gbogbo rẹ̀ rú. Láti ibẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ tó ń gòkè bẹ̀rẹ̀ sí í di omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́. Omi ń pẹ́ lórí òrùka, ó ń nípọn, ó ń jẹ àyè tí afẹ́fẹ́ ìbá gbà kọjá. Afẹ́fẹ́ tó rí àyè tóóró á tún yára sí i, á tún di omi lọ́wọ́ sí i. Ibi tí èyí ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní loading. Ohun tí ẹ rí nìyẹn nígbà tí táǹkì tún ń dín: omi tí afẹ́fẹ́ dá dúró sókè ni. Bí ẹ bá ṣí i kọjá ibẹ̀, ó di flooding: omi ò lè wálẹ̀ mọ́, manometer á fò sókè lẹ́ẹ̀kan, omi á sì bá afẹ́fẹ́ jáde lókè gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i. Tí ẹ bá ti bá a débẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù, kì í ṣe omi, kí omi manometer má bàa wọnú kọ́lọ́ọ̀mù. Nínú ilé iṣẹ́, wọ́n sábà máa ń fi kọ́lọ́ọ̀mù sí ìdá 70 sí 80 iyára flooding, kí omi lè pọ̀ lórí òrùka láìsí pé ó sọ ara rẹ̀ nù.

Táǹkì yín gan-an ló lè sọ ibi tí loading wà fún yín, ó sì máa ń hàn lójú rẹ̀ ju lójú manometer lọ. Ẹ kọ omi tó dín sí ẹ̀gbẹ́ iye afẹ́fẹ́. Ibi tí ìlà pẹrẹsẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sókè, òun náà nìyẹn.

Ẹnì kan lè sọ fún ẹ pé Zaria ga ju etíkun lọ, pé rotameter (irinṣẹ́ tó ń wọn iye afẹ́fẹ́ tó ń kọjá) ò lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ìlú yín ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 600 mítà, pé ìfúnpá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kílópáskà 94 dípò 101, àti pé afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lóòótọ́ fi nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ju ohun tí rotameter kọ lọ, bó bá jẹ́ etíkun ni wọ́n ti ṣe àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé iyára tí flooding ń gbà náà fi iye kan náà pọ̀ sí i, torí afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ gbọ́dọ̀ sáré sí i kó tó lè gbé omi. Méjèèjì tẹ̀ lé gbòǹgbò kejì ìwúwo afẹ́fẹ́. Ojú ibi tí rotameter wà nígbà tí kọ́lọ́ọ̀mù Èkó bá flood, ibẹ̀ náà ni ti Zaria máa wà. Iye tí ẹ fẹ́ kọ sínú ìwé ní mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá nìkan ni ẹ máa tún ṣe.

Ìṣòro tó tóbi ju ìyẹn nínú kọ́lọ́ọ̀mù yín ni ògiri. Ìbú 80 sí òrùka 10 jẹ́ ìlọ́po 8, etí ibi tó kéré jù tí àwọn ẹlẹ́rọ ń gbà láyè gan-an nìyẹn. Òrùka Raschig sì máa ń ti omi lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìmọ̀ràn tó wà fún un ni pé kí a máa kó omi jọ padà sáàárín ní gbogbo ìlọ́po ìbú 2.5 sí 3. Fún tiyín, ìyẹn ò ju 24 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ̀yin sì kó o sókè tó mítà 1.4. Nítorí náà, bí ẹ bá rí omi tó ń ya sára gíláàsì ìta ní ìsàlẹ̀, tí àárín wá dà bí èyí tó gbẹ, ẹ kọ ọ́ sínú àbọ̀ yín. Á ṣàlàyé ìdí tí ìṣirò mi fi ga ju 560 yín lọ díẹ̀.

Kí ẹ má sì ronú láti da ọṣẹ sí omi kí èyí tó há lè dín kù. Lóòótọ́ ó máa dín in kù, torí ọṣẹ ń rẹ agbára ojú omi sílẹ̀, ṣùgbọ́n á hó, ìfóófòó náà á sì mú flooding wá kí afẹ́fẹ́ tó débì kankan.

Nígbà tí ẹ bá wá dé orí ìdánwò tí ẹ fẹ́ fi omi gba CO2, ìyàtọ̀ omi méjèèjì máa wúlò. Omi tó há ti mu gáàsì yó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ kan gáàsì, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á mọ́, àfi ìwọ̀nba tí omi tuntun bá fọ́n sí i. Bí ẹ bá ka ojú rẹ̀ mọ́ ojú tó ń ṣiṣẹ́, èsì yín á burú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń fi afẹ́fẹ́ tu omi nínú ni, bíi ti ilé gogoro tí ilé iṣẹ́ fi ń tu omi gbígbóná, omi tó há náà ń ṣiṣẹ́, torí òun náà ń gbẹ, kò sí ohun tó ń yó nínú rẹ̀. Kọ́lọ́ọ̀mù kan náà, òrùka kan náà, ṣùgbọ́n ojú tó wúlò fún iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀. Fún ìṣirò táǹkì àti ìgbà tí iná bá lọ, 560 ni kí ẹ lò. Fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣan kẹ́míkà kan kúrò kí ẹ tó fi òmíràn sí i, 300 yẹn gan-an ni ọ̀tá yín, ẹ fi omi púpọ̀ lé e.

Ní ti ọ̀gá yín, má bá a jiyàn. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe níṣojú yín," kí ẹ tan án lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ kó gbẹ, kí òun fúnra rẹ̀ ka àmì táǹkì. Bí ẹ̀ẹ̀kejì bá tún pàdánù tó 300, mo gbà pé ó ń jò, kí ẹ wá ihò rẹ̀ níbi pọ́ǹpù àti ìdí táǹkì kí ẹ tó fọwọ́ kan gíláàsì. Bí iye tó lọ àti èyí tó padà bá súnmọ́ra, ẹ wọn ìbú inú páìpù yẹn àti gígùn rẹ̀, ẹ ka tẹmómítà inú táǹkì, kí o fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.